Sípíríǹgì Onítẹ̀síwájú

Lọ́dún 2006, kò sí ẹni tó mọ̀ nípa sípíríǹgì mọ́tò tó Ọ̀gá Nojeem láti Kétu títí dé Máìlì 12. Ọ̀gá Nojeem fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń sọ ọ́, kò sì tíì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oní-panẹ́ẹ̀lì kan tó máa ń fi òòlù lu ara mọ́tò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ bá Nojeem sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àfi kó pariwo, kó sì tún ní sùúrù.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin kan pè é. Adédiwúrà lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Mummy Ìfẹ́ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí.

"Ọ̀gá Nojeem, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹyin mi ti fọ́."

Òòlù oní-panẹ́ẹ̀lì balẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó wọ Nojeem létí ni pé ẹ̀yìn obìnrin náà ti fọ́.

"Ẹ̀yìn yín? Kí ló ṣe é?"

"Inú jíìpù ló ti ṣẹlẹ̀ lánàá. Bí mo ṣe já sí kòtò kan báyìí, mo kàn gbọ́ tó dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́."

"Ẹ má dìde rárá. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí ohun tó le."

"Orí ohun tó le náà ni mo kó wọn lé tí wọ́n fi fọ́."

"Ẹ kó wọn? Mélòó ni ẹ̀yìn yín?"

"Àádọ́rùn-ún ló lọ sí i."

Nojeem ní ọkùnrin kan wà ní Àgbóyì tó mọ eegun tò dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti di àádọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára rẹ̀, kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí ọsibítù. Adédiwúrà bi í pé ta ló ń to eegun ẹyin.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ fà á," ni obìnrin náà sọ.

"Èmi? Èmi ò fọwọ́ kan ẹ̀yìn yín rí, Mummy Ìfẹ́. Ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ létí ẹlòmíràn."

"Ẹyin adìyẹ, Ọ̀gá Nojeem. Kíréètì mẹ́ta."

Òòlù ti dúró nígbà yẹn. Nojeem wúkọ́ díẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé àlàáfíà ara ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ béèrè ni.

Ọ̀rọ̀ ẹyin yìí, Nojeem mọ ìdí rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ gbà lọ. Ọdún tó ṣáájú ni báńkì tí Adédiwúrà ń bá ṣiṣẹ́ dara pọ̀ mọ́ òmíràn, tí wọ́n sì ní kí òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Owó tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ló fi ra jíìpù àlòkù kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ adìyẹ lọ sí oko kan lẹ́yìn Ìṣẹrì, níbi tí ọ̀dà ti tán tí kòtò ti bẹ̀rẹ̀, á sì kó ẹyin bọ̀ fún àwọn tó ń ṣe kéèkì. Níbẹ̀rẹ̀, bó bá ti kó àpò oúnjẹ mẹ́wàá sẹ́yìn, ìdí jíìpù á wálẹ̀, irin á máa gbá irin ní gbogbo kòtò. Ó gbé e tọ Nojeem wá. Nojeem yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì, ó fi ti ọkọ̀ akẹ́rù kan tó tóbi jù ú lọ rọ́pò wọn, ó ní kódà bó gbé erin, kò ní tẹ̀. Òótọ́ ni, kò tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti já àpò oúnjẹ sílẹ̀ lóko, tó wá ku ẹyin nìkan lẹ́yìn, jíìpù náà á máa fò bí ẹni tó tẹ iná.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn ìpè náà tí Adédiwúrà fi wakọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Àpò oúnjẹ mẹ́wàá wà lẹ́yìn jíìpù. Páálí kan wà lórí ìjókòó iwájú, ó fi bẹ́líìtì dè é bí ẹni pé ọmọ ni. Ó ní sípíríǹgì tuntun ló wà nínú rẹ̀, kí Ọ̀gá Nojeem jọ̀wọ́ bá òun fi í sí i.

Nojeem ṣí páálí náà, ó gbé ọ̀kan jáde. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Láti ìdí kan, àwọn òrùka irin náà sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Bí wọ́n ṣe ń lọ sí ìdí kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn, títí ó fi di pé ọwọ́ lè kọjá láàárín wọn. Ó wo obìnrin náà bí dókítà tó fẹ́ sọ ohun tí kò dáa.

"Ta ló fún yín ní nǹkan yìí?"

"Bánjí, àbúrò mi tó wà ní South Africa. Ó ní òun náà ló ń lò bó bá ń wa jíìpù wọ inú igbó, tó ń gun orí òkúta."

"Ṣé ẹ ò jà?"

"Èmi àti ta?"

"Ẹ̀yin àti Bánjí. Ẹ fara balẹ̀ rántí o. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́."

Adédiwúrà ní ìjà kankan ò sí láàárín àwọn. Nojeem ní kó sún mọ́ ọn, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó fi ìka tọ́ ibi tí òrùka ti jìnnà síra, ó ní ibí yìí ni ẹni tó ń wé irin náà ti ń ṣe iṣẹ́ gidi. Ó wá fi ìka náà rin títí dé ibi tí wọ́n ti sún mọ́ra.

"Ibí ni oorun ti gbé e lọ."

Adédiwúrà gbé ìkejì jáde láti inú páálí. Ó gbé e ti ìkíní, wọ́n jọra bí ìbejì.

"Ṣé ó tún sùn nídìí èyí náà ni? Níbì kan náà?"

"Mummy Ìfẹ́, ẹni tó bá ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ máa ń ní àkókò tiẹ̀."

Obìnrin náà ronú sí i, ó ní kò jọ bẹ́ẹ̀ lójú òun. Ó mú páálí náà, ó ní wọ́n kúkú kọ irú ẹ̀yà tó jẹ́ sí i lára, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: progressive. Nojeem ju sípíríǹgì náà sórí tábìlì. Ó ní òun kì í dá sí òṣèlú.

"Kì í ṣe òṣèlú. Onítẹ̀síwájú ló túmọ̀ sí."

"Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n máa ń wá síbí ní gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá ti sún mọ́. Bó bá wá jẹ́ onítẹ̀síwájú lóòótọ́, kí ló fẹ́ lọ ṣe lẹ́yìn? Ṣebí iwájú ló yẹ kó wà."

"Bánjí ní ẹ̀yìn ni ká fi sí."

"Ẹ wá rí i báyìí pé ẹ jà."

Adédiwúrà ṣe àlàyé bí àbúrò rẹ̀ ṣe ṣe é fún un lórí fóònù. Ó ní sípíríǹgì yìí máa ń rọ̀ bí ẹrù bá kéré, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni á máa le. Ẹnu ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yìí ló wà tí òòlù tún bẹ̀rẹ̀ nílé kejì.

"Ó lè ṣe kí ni?" ni Nojeem béèrè.

"Ó le."

"Mo gbọ́ pé ó lè. Ó lè ṣe kí ni?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn le ni."

"Bó bá lè, tí kò wá ṣe nǹkan kan, ọ̀lẹ nìyẹn. Ẹ ò ṣe fi í sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀?"

Adédiwúrà di ìkúùkù, ó fi lu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kejì, kó lè fi hàn án pé líle lòun ń sọ. Nígbà tó wá yé Nojeem, ó rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí kan, ó ní kó jókòó, nítorí ohun tóun fẹ́ kọ́ ọ yìí, àwọn tó lọ sí yunifásítì ò mọ̀ ọ́n. Ó ní irin kì í ṣe èèyàn. Irin ò mọ̀ pé ẹrù kéré tàbí pé ẹrù pọ̀. Èyí tó bá rọ̀ láàárọ̀ á rọ̀ lálẹ́, èyí tó bá le, ó ti le títí ayé nìyẹn. Kò sí ohun tó ń jẹ́ méjì nínú ọ̀kan.

"Màmá mi ńkọ́?" ni Adédiwúrà wí.

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Nígbà tó jẹ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan, wọ́n rọ̀ bí òwú. Nígbà tá a di mẹ́fà, ẹni tó bá wúkọ́ nínú wa, igbáátí ni. Ìyá kan náà ni o."

Nojeem bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó rí i pé òun ti mú un dání, ó sọ ohun tóun rò pé òun lè ṣe. Ó ní òun á tan iná sí sípíríǹgì náà, bó bá ti pọ́n dáadáa, òun á fi ẹ̀mú fà á títí gbogbo òrùka rẹ̀ á fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni yóò tó dà bíi sípíríǹgì ọmọlúàbí.

Adédiwúrà dìde. Ó kó sípíríǹgì méjèèjì mọ́ àyà. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

Ó ní kì í ṣe pé òun wá bá a ṣeré. Aunty Judith, tó ń ṣe kéèkì ní Gbàgádà, ni oníbàárà tóun gbójú lé jù. Lánàá tí kíréètì mẹ́ta fọ́, obìnrin náà ò bínú, ó kàn sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé àádọ́ta kíréètì lòun ń retí kí agogo mẹ́rin tó lù lónìí, àti pé bí ọ̀kan bá tún fọ́ nínú wọn, òun á máa bá ẹlòmíràn lọ. Ó ní ìyẹn ló dùn òun jù, pé kò tiẹ̀ pariwo.

"Iṣẹ́ kan ti bọ́ lọ́wọ́ mi rí, Ọ̀gá Nojeem. Wọ́n ò pariwo níjọ́ yẹn náà."

Nojeem wo sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lábẹ́ jíìpù, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi sí i, tó sì fi erin búra lé lórí. Kò fẹ́ wò ó pẹ́. Ó ní ó dáa, òun á fi ti onítẹ̀síwájú sí i, ṣùgbọ́n kí jíìpù náà tó jáde, òun á dán an wò níbí pẹ̀lú àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bó bá wó, òun á yọ ọ́. Bí kò bá wó, òun fúnra òun á tẹ̀ lé e lọ sí oko, òun á sì tẹ̀ lé e dé Gbàgádà. Adédiwúrà gbà bẹ́ẹ̀.

Nojeem já àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀, ó fi jáàkì gbé ìdí jíìpù sókè, ó yọ sípíríǹgì àtijọ́, kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì tó ń bá a gba kòtò mọ́ra, ó fi tuntun sí i. Ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é, ó ń mi orí bí ẹni tó ń wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì nítorí pé oníbàárà ló ní kóun ṣe é. Nígbà tó parí, ó sọ jáàkì kalẹ̀, ó gbé àpò kìíní sẹ́yìn jíìpù. Ìdí jíìpù wálẹ̀ díẹ̀. Ó fi ìka wọn àyè tó kù láàárín táyà àti ara mọ́tò.

"Ó ti ń wó."

Ó gbé ìkejì. Ó gbé ìkẹta. Jíìpù ń wálẹ̀, inú Nojeem sì ń dùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó gbé ìkẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sábẹ́, ó sì rí ohun tó ti ń wá. Àwọn òrùka tó sún mọ́ra ti tẹ̀ pátápátá, ọ̀kan ti gorí èkejì, àyè kankan ò sí láàárín wọn mọ́.

"Mummy Ìfẹ́, ẹ wá wò ó. Ó ti kú."

Adédiwúrà ká yẹ̀rì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àwọn tó sún mọ́ra nìkan ló tẹ̀. Àwọn tó jìnnà síra ò tíì ṣe nǹkan kan."

"Wọ́n máa tẹ̀lé wọn báyìí. Ẹ dúró síbẹ̀."

Ó gbé ìkarùn-ún. Ó gbé ìkẹfà. Ó fi ìka wọn àyè náà, ó ní bóyá ìka òun ló tinrin. Nígbà tó jẹ́ àpò mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sọ jíìpù kalẹ̀ tó bí ìbú ìka kan. Ní báyìí, àpò kan ò lè sọ ọ́ kalẹ̀ tó èékánná. Òógùn ti bo ojú rẹ̀. Ó gbé ìkeje, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án. Ní ìkẹwàá, ó jù ú sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Jíìpù mì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

Nojeem ní ẹrù náà ò pọ̀ tó. Ó gun ẹ̀yìn jíìpù, ó jókòó sórí àpò. Ó bi Adédiwúrà bóyá ó ti wó. Adédiwúrà ní rárá. Nojeem ní kí òun náà gòkè wá. Adédiwúrà gòkè, ó jókòó lórí àpò kejì, wọ́n wá kọjú síra wọn bí èrò ọkọ̀ tó ń dúró de awakọ̀.

"Ó ti wó báyìí?" ni Nojeem béèrè.

"Mi ò mọ̀. Ta ló wà nísàlẹ̀?"

Adédiwúrà bi Nojeem pé nígbà tí àwọn òrùka tó sún mọ́ra ti gorí ara wọn yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Nojeem ní rárá, wọ́n ti di irin gbọọrọ kan. Ó bi í pé òrùka mélòó ló wá kù tó ń ṣiṣẹ́. Nojeem ní ìwọ̀nba tó jìnnà síra yẹn ni.

"Sípíríǹgì tí òrùka rẹ̀ bá wá kù díẹ̀ ńkọ́?"

Ìdáhùn ìyẹn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju Nojeem lọ. Bí awakọ̀ kan bá ti gbé ọkọ̀ wá pé sípíríǹgì òun rọ̀ jù, ayùn ni Nojeem máa ń mú, á gé òrùka kan tàbí méjì kúrò lára rẹ̀, nítorí bí sípíríǹgì bá ṣe kúrú sí ló ṣe ń le sí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń gé e. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ yìí ń gé ara rẹ̀ kúrú bí ẹrù bá dé, bí ẹrù bá sì kúrò, á tún so ara rẹ̀ pọ̀, láìsí ayùn, láìsí Nojeem.

Ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ jíìpù, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kò sùn," ló sọ nígbà tó dìde.

"Ta ni?"

"Ẹni tó wé e."

Wọ́n gbéra lọ sí oko. Adédiwúrà ló ń wakọ̀, Nojeem wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò oúnjẹ, etí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà tán, ó ń retí ìró irin tó ń gbá irin. Kòtò kìíní kọjá, kò gbọ́ ọ. Wọ́n dé ibi tí omi òjò ti la ọ̀nà sí méjì, ìdí jíìpù rọ́ wọlẹ̀, ó sì dìde padà pẹ̀lẹ́, bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga. Kí ó má baà dà bíi pé òun ò rí nǹkan sọ, Nojeem ní kí obìnrin náà máa ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Lóko, wọ́n já àpò oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n kó àádọ́ta kíréètì ẹyin wọnú ọkọ̀. Ìdí jíìpù ti gòkè padà, àwọn òrùka tó gorí ara wọn ti tú ká. Adédiwúrà lọ dágbére fún olóko. Nojeem nìkan ló kù lẹ́yìn jíìpù. Ó ń wo ẹyin wọ̀nyẹn, ọkàn rẹ̀ ò sì tíì balẹ̀ tán. Ó mú ẹyin kan láti inú kíréètì tó wà lókè, ó fi í sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀, èyí tó wà lọ́dọ̀ òun, tí ẹnikẹ́ni ò lè bá òun jiyàn lé lórí.

Lọ́nà àbọ̀, ọkọ̀ náà rọ̀. Kò fò. Ó ń gba àwọn kòtò kékeré mọ́ra bí ẹni ń gbé omi mì. Ní kọ́nà kan báyìí, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, inú Nojeem sì dùn gan-an, nítorí ó ti rí àléébù kan. Ó ní nígbà tí ẹrù ò bá pọ̀, rírọ̀ rẹ̀ á máa jẹ́ kó fì bí wọ́n bá ṣẹ́ kọ́nà, kí Adédiwúrà máa rọra ní kọ́nà, kó má baà sọ pé òun ò kìlọ̀. Adédiwúrà dúpẹ́, ó sì rọra.

"Mummy Ìfẹ́."

"Sà."

"Ti ọkọ̀ akẹ́rù tí mo fi sí i lóṣù tó kọjá yẹn, èmi ni mo ṣìṣe. Erin ni mo ń rò. Mi ò ro ẹyin."

Adédiwúrà wò ó nínú dígí. Ó ní kò burú, pé kò sẹ́ni tó máa ń ro ẹyin títí wọ́n á fi fọ́. Ojú rẹ̀ tí ó yẹ kó wà lọ́nà wà nínú dígí, nítorí náà kò rí kòtò ńlá tó wà ṣáájú Kétu. Ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ri ẹ̀ka igi mọ́ àárín rẹ̀ láti fi ṣe àmì. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì wọ inú rẹ̀. Nojeem pa ojú dé. Ìdí jíìpù lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó dé ibi tí kò lè lọ mọ́, ó sì gbé wọn dìde bí ìyá tó ń gbé ọmọ pọ̀n. Nígbà tí Nojeem la ojú, àádọ́ta kíréètì wà níbi tí wọ́n wà. Kò sí èyí tó sún.

Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu débi pé ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi gbá itan ara rẹ̀ pàà.

Láti ibẹ̀ dé Gbàgádà, Ọ̀gá Nojeem ò mira. Adédiwúrà béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ara rẹ̀ yá, ó ní ó yá. Nígbà tí wọ́n dé, ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́rin tó lù. Aunty Judith fúnra rẹ̀ ló tú ẹyin náà wò ní kíréètì kọ̀ọ̀kan. Adédiwúrà dúró tì í. Aunty Judith wo títí dé ìkẹwàá, kò rí èyí tó sán. Ó wo títí dé ìkọkàndínláàádọ́ta, kò rí. Ó wo ti òkè tó kù, ó ní kò sí èyí tó fọ́ nínú rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ihò kan ṣófo, ẹyin kan ò sí níbẹ̀. Ó ní kò tó nǹkan, òun ò ní tìtorí ẹyin kan sọ̀rọ̀, kí Adédiwúrà kó àádọ́ta kíréètì mìíràn wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wọlé lọ.

Adédiwúrà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, ó ń nu ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yí padà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Nojeem ló rí i pé ọkùnrin náà ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Omi pupa rúsúrúsú kan ń ṣàn láti abẹ́ ọwọ́ náà, ó ti dé orúnkún.

"Ọ̀gá Nojeem, kí nìyẹn?"

Nojeem wo itan rẹ̀. Ó wo obìnrin náà. Ó nawọ́ sínú àpò, ó fa èèpo ẹyin kan jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn bó ṣe máa ń yẹ irin tó bàjẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù.

"Èyí ò kan sípíríǹgì rárá," ló sọ. "Ṣọ́ọ̀kì ló pa á."